Ta ló lè bá wa ya “reason”, “cause”, “motive” àti “excuse” sọ́tọ̀?

Ìyá Àdùnní, Ṣàgámù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo gbé wá. Àdùnní mi wà ní SS3, WAEC sì ti sún mọ́lé. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wọn kọ “reason” sójú pátákó, ó ní kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó jọ ọ́ ní ìtumọ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn. Ọmọ ṣí fóònù, ó da gbogbo ohun tó bá níbẹ̀ sínú ìwé: cause, motive, grounds, excuse, purpose, pretext, explanation, justification, rationale, sake. Ẹ wá wo gbólóhùn:

“The motive of the accident was bad road.”
“My excuse for choosing Economics is that I like it.”
“The cause why I am writing you this letter is to apply.”
“He travelled to Lagos for the pretext of his wedding.”

Bírò pupa ni tíṣà fi fa gbogbo ẹ̀ já, kò sì sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Ọmọ ní, “Mọ́mì, ṣebí fóònù ló ní ìtumọ̀ kan náà ni gbogbo wọn.” Èmi tí mo ń ta aṣọ ní Sábó, kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dénú, ẹ bá wa là á.

Tíṣà Àgbà, Ìlíṣàn

Ìyá Àdùnní, ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú àníyàn ọmọ. Ẹ má bá a wí. Fóònù kó àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí jọ fún un, kò sọ fún un pé mọ̀lẹ́bí kì í ṣe ìbejì.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ lẹ́sìnnì mi ṣe ni pé kí wọ́n pa ìwé Gẹ̀ẹ́sì dé ná, kí wọ́n fi Yorùbá bi ara wọn ní ìbéèrè. Bí ìbéèrè bá jẹ́ “kí ló fà á?”, “cause” là ń wá. Òjò lè jẹ́ “cause”, kòtò ojú títì lè jẹ́ “cause”, ẹ̀fọn lè jẹ́ “cause” ibà. Kò dìgbà tí nǹkan bá ní ọkàn kó tó fa nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń bi ènìyàn pé “kí ló wà lọ́kàn ẹ tó o fi ṣe é?”, ibi tí “motive” ti wọlé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí kí nǹkan sún, kó kúrò lójú kan, ni “motive” ti wá, ìyẹn ohun tó sún èèyàn ṣe nǹkan. Kòtò ò ní ọkàn, ta ló fẹ́ sún un? Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn àkọ́kọ́ Àdùnní fi ṣubú. “The cause of the accident was a bad road.” Ẹ wo “a” kékeré yẹn náà, ọmọ yọ ọ́ sílẹ̀, bóyá òun gan-an ni bírò pupa kọ́kọ́ rí.

Bí ìbéèrè bá jẹ́ “kí lò ń lọ wá níbẹ̀?”, iwájú lojú wà, “purpose” ni. Bó bá jẹ́ “kí lo máa rí sọ?”, tí ẹni tó ń béèrè ti ń bínú díẹ̀, “excuse” ni. Ẹni tó yan Economics nítorí pé ó fẹ́ràn ẹ̀ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí ló wá ń tọrọ gáfárà sí? “My reason for choosing Economics is that I enjoy it.”

“Pretext” ní tiẹ̀ ni ìdí tí a fi bojú: èyí tí a sọ síta yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú. Bí ìgbéyàwó ọkùnrin yẹn bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní Èkó, kò sí “pretext” kankan ńbẹ̀, ó lọ ṣègbéyàwó ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní òun fẹ́ lọ bu omi, tó wá lọ ta bọ́ọ̀lù, a lè kọ ọ́ báyìí: “He left the class under the pretext of fetching water.” Ẹ ṣàkíyèsí “under” yẹn. Ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ lé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tàbí tó ń ṣáájú wọn ni olùdánwò fi ń mú ọmọ: “cause of”, “reason for”, “motive for” tàbí “motive behind”, “purpose of”, “excuse for”, “grounds for”. Ẹni tó bá kọ “reason of the accident” ti pàdánù máàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ̀ẹ́kẹta tí mo máa sọ, kí n tó sinmi: “reason” fúnra ẹ̀ gbòòrò ju gbogbo wọn lọ. Ó lè dúró fún ohun tó fa nǹkan, ó sì lè dúró fún ohun tí èèyàn rò tó fi ṣe é. Bí ọmọ bá ti ń ṣiyèméjì nínú àròkọ, kó lo “reason”, kò ní ṣìnà púpọ̀. Inú ìbéèrè tó ní kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn jù nìkan ni kò ti rí ibi sá sí.

Ọmọ Ìpẹru

“Excuse” ni mo gbọ́ dáadáa nínú gbogbo ẹ̀. Bí mo bá pẹ́ délé, ohun tí mo ń sọ lójú tèmi “reason” ni. Lójú ìyàwó mi, “excuse” ni.

Tíṣà Àgbà, Ìlíṣàn

Ọmọ Ìpẹru, o rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n o ti fọwọ́ kan ibi tó wà gan-an. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń gbọ́. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ á pè é ní “reason”, ẹni tí kò gbà á á pè é ní “excuse”. Ìwọ pe tìrẹ ní “excuse” nínú lẹ́tà sí ọ̀gá iṣẹ́, o ti dá ara ẹ lẹ́bi kí wọ́n tó ka ìlà kejì.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi, Òde Rẹ́mọ

Ẹ jọ̀ọ́, “excuse” ò burú níbi gbogbo o. Ìwé tí dókítà ń kọ fún aláìsàn pé kó má lọ síbi iṣẹ́, “excuse duty” là ń pè é ní Nàìjíríà, kò sì sẹ́ni tó fura sí i, àfi bó bá ti ń wá gbà á ní gbogbo Mọ́ńdè.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ti “cause”. Nínú ìwé ẹ̀rí ikú tí àjọ ìlera àgbáyé là kalẹ̀, tí àwọn dókítà ń lò káàkiri, ìlà bíi mẹ́ta sí mẹ́rin ló wà lábẹ́ “cause of death”. Èyí tó pa èèyàn gbẹ̀yìn ló wà lókè, wọ́n á wá kọ “due to” sábẹ́ ẹ̀, èyí tó fa ìyẹn á tẹ̀ lé e, títí wọn á fi dé ìdí pátápátá nísàlẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, májèlé àìsàn tó wọnú ẹ̀jẹ̀ lókè, ìfun tó lu nísàlẹ̀ ẹ̀, ibà jẹ̀funjẹ̀fun nísàlẹ̀ pátápátá. Ti ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní “underlying cause”, òun náà ni ìjọba ń kà sínú àkọsílẹ̀ ohun tó ń pa ará ìlú. Ẹni tó bá kọ “cardiac arrest” nìkan ò tíì sọ nǹkan kan. Ọkàn gbogbo ẹni tó kú ló dúró. A ò lè kọ “reason” síbẹ̀ láéláé. Ibà ò ní ìdí tó fi pa èèyàn, ó kàn pa á ni.

Lọ́yà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú àṣàrò o. Ẹ jẹ́ kí èmi náà mú ti kóòtù wá, torí “grounds” tó wà nínú ìwé ọmọ yẹn, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń ṣiṣẹ́ jù.

“Ground” kò ju ilẹ̀ lọ, ohun tí ẹsẹ̀ ẹni dúró lé. Bí ẹjọ́ bá dá oníbàárà mi lẹ́bi, tí a fẹ́ lọ sí kóòtù tó ga jù, a gbọ́dọ̀ kọ “grounds of appeal”. Kò tó kí n sọ pé inú oníbàárà mi ò dùn sí ìdájọ́. Ìyẹn lè jẹ́ “reason” tó fi wá bá mi ní ọ́fíìsì, kì í ṣe “ground”. “Ground” ni ìdí tí òfin gbà kí èèyàn dúró lé.

Ẹ wo òfin ìkọ̀sílẹ̀ fún àwọn tó ṣègbéyàwó ní kóòtù, ti ọdún 1970. “Ground” kan ṣoṣo ni abala 15 fàyè gbà, pé ìgbéyàwó náà ti fọ́ kọjá àtúnṣe. Àgbèrè, kí ẹnìkan sá kúrò nílé, ìwà tí ẹnìkejì ò lè fara dà, ohun tí a fi ń ṣe ẹ̀rí fún ilé ẹjọ́ pé ó ti fọ́ ni gbogbo ìyẹn. Oníbàárà á jókòó síwájú mi, á ka “reason” ogún sílẹ̀, èmi á máa wá “ground” ẹyọ kan láàrin ẹ̀.

Orúkọ òfin yẹn náà, “Matrimonial Causes Act”, lè da ọmọ lọ́kàn rú. “Cause” níbẹ̀ ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ohun tó fa ìgbéyàwó! Ẹjọ́ ló túmọ̀ sí. Bákan náà ni “cause list”, ìwé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara pátákó kóòtù láàárọ̀ kí oníkálukú lè mọ ẹjọ́ tí wọ́n máa pè lọ́jọ́ náà. Láti inú Látìn ni, “causa”, tó jẹ́ ìdí tó sì tún jẹ́ ẹjọ́. Inú ẹ̀ náà ni “accuse” àti “excuse” ti wá: ọ̀kan fa èèyàn wọ inú ẹjọ́, èkejì yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀.

Ti “motive” wá ńkọ́? Nínú fíìmù, gbogbo ọlọ́pàá ló ń wá “motive”. Abala 24 nínú Criminal Code wa sọ ọ́ gbangba pé ohun tó sún èèyàn ṣe nǹkan ò kan bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, àfi níbi tí òfin bá ti sọ pé ó kàn án. Ẹni tó jí iṣu nítorí ebi ń pa ọmọ ẹ̀ jalè. “Motive” ẹ̀ dára, adájọ́ sì lè rò ó mọ́ ọn lára nígbà tó bá fẹ́ sọ iye ìyà tó máa jẹ. Orúkọ olè ò kúrò.

Ọmọ Aláre, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ti ń dúró dìgbà tí ẹnìkan máa mú ìtàn wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé èmi ni wọ́n ń dè. Bí Àdùnní bá ń ṣe History tàbí Government, kó fi ogun Ìmágbọ̀n ọdún 1892 kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kò ní gbàgbé wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tò ó. Ìjẹ̀bú ló wà láàrin etí òkun àti àwọn ìlú òkè. Ọjà tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, èyí tó ń ti òkè bọ̀, ilẹ̀ wa ló ń gbà kọjá, a sì ń gba owó ibodè lórí ẹ̀. A kì í jẹ́ kí àlejò kàn gba àárín wa kọjá lọ bó ṣe wù ú. Òyìnbó Èkó fẹ́ kí ọ̀nà ṣí. Èyí ni “cause” ogun náà, tó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìbọn tó dún.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1891, Denton tó ń dele fún gómìnà Èkó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láti bá Awùjalẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọn ò gba ẹ̀bùn tó gbé wá. Àwọn òyìnbó ní àbùkù ni, wọ́n ní kí Ìjẹ̀bú wá tọrọ àforíjì. Ní oṣù Kìíní ọdún 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn pé ọ̀nà máa ṣí. Láìpẹ́ sígbà náà, wọ́n dá àlùfáà òyìnbó kan tó fẹ́ gba ìlú kọjá padà. Gómìnà Carter ní Ìjẹ̀bú ti ba àdéhùn jẹ́. “Reason” tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Ṣé ẹ rí i bí àlùfáà kan ṣe wá di ohun ńlá? Èmi pè é ní “pretext”. Bí kì í bá ṣe àlùfáà, ohun mìíràn á dé.

“Motive” wá ni òwò. Ẹni tó bá ní àbùkù tó kan Denton nìkan ló kó Colonel Scott àti àwọn ọmọ ogun gba Ẹ̀pẹ́ wá, pẹ̀lú ìbọn Maxim, kó tún ìwé kà. Wọ́n jà lẹ́bàá odò Yemoji àti Ìmágbọ̀n ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kejì. Ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe ni.

Ogun kan ṣoṣo nìyẹn, ọ̀rọ̀ mẹ́rin sì bá a mu, kò sí èyí tó lè gba ipò èkejì níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ “the cause of the war was that a missionary was turned back” ti gba ọ̀rọ̀ gómìnà gbọ́ láìmọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ Aláre, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ti dá ẹjọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ. “Pretext” jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn. Bí ọmọ bá kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, ó gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé nǹkan mìíràn wà lọ́kàn wọn. “The British gave this as their reason” kò ní kó o sínú wàhálà, nítorí wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́. Kó wá fi “many historians see trade as the real motive” tẹ̀ lé e.

Ẹ tún gbàgbé tiwa. Ìjẹ̀bú náà ní “reason” tí wọ́n fi ti ọ̀nà, wọn ò kàn ya olóríkunkun. Wọ́n rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Èkó ní 1861 nígbà tí òyìnbó gbà á lọ́wọ́ Dòsùnmú. Ìyẹn náà yẹ kó wọ inú àròkọ.

Ọmọ Aláre, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo gbà fún yín lórí àròkọ. Lórí àlùfáà yẹn, mi ò gbà.

Ìyá Ẹlẹ́pà, Ṣàgámù

Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú, ṣé Rẹ́mọ ò ní ìtàn ni? Ìlú mẹ́tàlá ló kóra jọ ní 1872 tó di Ṣàgámù, torí ogun àyíká, kí wọ́n lè dáàbò bo ara wọn. Èwo ni ìyẹn nínú àwọn ọ̀rọ̀ yín?

Tíṣà Àgbà, Ìlíṣàn

Ìyá Ẹlẹ́pà, ọ̀rọ̀ yín ti pín ara ẹ̀ tẹ́lẹ̀. “Torí ogun” wo ẹ̀yìn, ogun ni “cause”. “Kí wọ́n lè dáàbò bo ara wọn” wo iwájú, “purpose” ni. Bí ẹ bá fẹ́ kó méjèèjì pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan, “reason” á gbé e. “For the sake of safety” náà dára. Àdùnní, ẹ sọ fún un, “sake” kì í dá dúró nínú irú gbólóhùn yìí, “for” ló máa ń ṣáájú ẹ̀. “Nítorí Ọlọ́run” tí à ń sọ, “for God’s sake” ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìjagun

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ bi yín nípa “because” àti àwọn èèyàn ẹ̀. Olùkọ́ wa ní yunifásítì kọ̀ “the reason is because”. Ó tún kọ̀ “reason being that” àti “for the fact that”. Gbogbo wọn sì ni mò ń gbọ́ lórí rédíò lójoojúmọ́.

Tíṣà Àgbà, Ìlíṣàn

“Because” fúnra ẹ̀, “by cause” ni láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Nítorí náà ẹni tó bá sọ “the reason is because” ń sọ pé “ìdí ẹ̀ ni nítorí pé”. Kódà ní Yorùbá, etí ń gbọ́ pé ó ti pọ̀ jù. “The reason is that...” ló tọ́ nínú ìwé ìdánwò. Òyìnbó pàápàá ń sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu yàtọ̀ sí ìwé.

“For the fact that”, tiwa ni ní Nàìjíríà. Ẹ fi “because” rọ́pò ẹ̀, gbólóhùn á sì kúrú. “Reason being that” náà wọ́pọ̀ lẹ́nu, kò yẹ lẹ́tà. “Because why?” ti àwọn ọmọ àdúgbò, ẹ jẹ́ kó wà ní àdúgbò.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé “because” ń fẹ́ odindi gbólóhùn lẹ́yìn ara ẹ̀, “because of” ń fẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. “Because it rained.” “Because of the rain.” Àwọn ọmọ á kọ “because of it rained”, ẹ̀jẹ̀ mi á ru. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ “because rain” láìní “of” nínú. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè kan níbẹ̀, American Dialect Society, tilẹ̀ fi “because” ṣe ọ̀rọ̀ ọdún 2013 nítorí ìlò tuntun yẹn. Àdùnní ò gbọdọ̀ gbìyànjú ẹ̀ ní WAEC.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìjagun

“Due to” àti “owing to” ńkọ́, sà?

Lọ́yà, Ìjẹ̀bú-Òde

Àwọn àgbà tó kọ́ wa ní “due to” gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé “is” tàbí “was”: “The delay was due to rain.” Wọ́n ní “owing to” ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn.

Tíṣà Àgbà, Ìlíṣàn

Òfin yẹn ti rọ̀. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè tòde òní gba méjèèjì. Ṣùgbọ́n olùdánwò tó ń máàkì lè jẹ́ irú àwọn àgbà tí lọ́yà sọ yẹn, nítorí náà ẹ lo “because of”, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Ẹ ṣọ́ra fún “since” náà, torí ó tún ń jẹ́ “láti ìgbà tí”. “Since my father left, I have been sad”: ṣé nítorí pé ó lọ ni, àbí láti ìgbà tó ti lọ? Níbi tí ìtumọ̀ bá ti lè jẹ́ méjì, “because” ni kí ẹ kọ.

Àǹtí Oral, Àgọ́-Ìwòyè

Gbogbo yín ń kọ ọ́, ẹ ò pè é. Oral English wà nínú WAEC o! Yorùbá ò ní ìró “z”, a sì ń fi “s” pe gbogbo ẹ̀. “Cause” ní “z” nídìí, “course” ní “s”. Lẹ́nu wa, “kọ́ọ̀sì” ni méjèèjì. “Reason” ní “z” láàárín. “Because” ní “z” nípàárí. “Excuse” ló burú jù: bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, “s” ló fi parí, “a good excuse”; bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, “z” ni, “excuse me”. Wọ́n fẹ́ràn láti fi irú ẹ̀ dán ọmọ wò. Kí Àdùnní fi ìka kan ọ̀nà ọ̀fun, kó pè é: bí ọ̀fun bá gbọ̀n títí dé ìparí, “z” ti jáde.

Ọmọ Ìpẹru

Mo ti ń fọwọ́ kan ọ̀fun láti àná. Ìyàwó mi ní kí ló dé. Mi ò mọ̀ bóyá “reason” ni kí n sọ fún un.

Ẹ̀gbọ́n Ọ́fíìsì, Ìkẹ́nnẹ́

Mo máa ń ka fọ́ọ̀mù àwọn tó ń wáṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí àlàfo tó ń bẹ níbẹ̀, “Reason for leaving”. Ìtàn gígùn ni àwọn kan ń kọ síbẹ̀, bí ọ̀gá ṣe fi ojú wọn gbolẹ̀, bí owó oṣù ò ṣe pé. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó: “End of contract”, “Further studies”, “Relocation to Ogun State”. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ìyókù, wọ́n á bi ọ́ lójúkojú. Lórí fọ́ọ̀mù físà, “Purpose of journey” ló sábà ń wà níbẹ̀, ohun tí ẹ ń lọ ṣe ni wọ́n fẹ́ gbọ́, wọn ò bèèrè ohun tó lé yín kúrò nílé.

Àwọn tó ń kọ prójẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì, “rationale” ni tiyín: ìrònú tó wà nídìí iṣẹ́ tí ẹ yàn. “Justification” sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ti ní ìjà díẹ̀ nínú, bí ẹni pé ẹnìkan ní kò yẹ kí ẹ ṣe é, tí ẹ wá ń gbèjà ẹ̀. “Explanation” ò gbèjà ẹnikẹ́ni, àlàyé lásán ni.

Ìyá Àdùnní, Ṣàgámù

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á sàn án fún yín. A jókòó tì í lálẹ́ àná, mo ń bi í ní Yorùbá, ó ń dáhùn, kó tó kọ ọ́. Ẹ bá mi wo tuntun:

“The cause of the accident was a bad road.”
“My reason for choosing Economics is that I enjoy it.”
“The police have not found the motive for the robbery.”
“She was absent on the ground of illness.”
“He borrowed money under the pretext of paying school fees.”
“The reason he gave was not reason.”

Ìlà tó kẹ́yìn, òun ló kọ ọ́, ó ní ó dùn létí. Ṣé ó tọ́?

Tíṣà Àgbà, Ìlíṣàn

Ó káre. Márùn-ún àkọ́kọ́ ti dára. Ìkẹrin, kò ṣìnà, ṣùgbọ́n “on grounds of ill health” tàbí “on medical grounds” ló mọ́ wọn lẹ́nu jù.

Ìkẹfà yẹn ni mo fẹ́ràn jù, mo sì máa tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ìṣirò ni “reason” ti wá, òun náà ló bí “ratio” àti “ration”. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò á mọ̀ ọ́n: ẹni tí wọ́n bèèrè “reason” lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n ní kó ṣírò ohun tó ṣe fún àwọn. Ibẹ̀ ló ti tún di làákàyè, ọgbọ́n tí èèyàn fi ń ṣírò ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní “he refused to listen to reason”, wọ́n ní kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. “Within reason” ni ohun tí kò kọjá ààlà. “It stands to reason” ni ohun tí ọgbọ́n orí gbà. Pijin wa náà mú un níbẹ̀: “reason am well” ni kó o rò ó dáadáa. Nítorí náà ohun tí Àdùnní fẹ́ sọ, pé ìdí tí ọkùnrin yẹn sọ ò bọ́gbọ́n mu, “The reason he gave was not reasonable” ni kó kọ. Bó bá fẹ́ kó le sí i, “The reason he gave was only an excuse.”